Alhaji Mọ́ṣúdù Àkànbí Fájánà, Alágbẹ̀dẹ Wúrà Tó Tẹ Òkè Olúmọ Sára Bàbà

Ẹ̀yin ará àti ọ̀rẹ́, ẹ̀yin tí ẹ pa iṣẹ́ tì tí ẹ wá bá wa ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ yìí, ẹbí Fájánà ní Ìkìjà kí yín, ẹ kú àṣẹ̀yìndè àgbà. Ìtàn Bàbá kò ṣeé kó sínú ìwé pélébé kan tán. Èyí tí a rò pé Bàbá fúnra wọn máa fẹ́ kí a sọ ni a kọ síbí.

Ọdún tí ogun Àdùbí jà nílẹ̀ Ẹ̀gbá, ìyẹn ọdún 1918, ni a bí Mọ́ṣúdù Àkànbí ní agboolé Fájánà, Ìkìjà, Abẹ́òkúta. Alàgbà Sàlàhúdíìnì Fájánà ni bàbá wọn, oníṣòwò aṣọ tí gbogbo ọjà Ìtòkú mọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, nítorí iye tó bá kọ́kọ́ pe aṣọ náà ni yóò tà á. Ìyá wọn ni Ọ̀ṣunrẹ̀mí, ọmọ Fárọ̀mbí alágbẹ̀dẹ, láti abúlé kan lẹ́bàá Ọdẹ́dá, níbi tí wọ́n ti ń sin Ọ̀ṣun àti Ògún láti ìran dé ìran. Kéwú àti ọjà ni ilé bàbá, iná àti irin ni ilé ìyá. Bàbá kò fi ìgbà kan tijú ọ̀kan nítorí èkejì. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ fi ìyá wọn ṣe yẹ̀yẹ́ lójú wọn, onítọ̀hún á mọ̀ pé inú tútù Àkànbí ní ibi tó mọ.

Bàbá lọ sí ilé kéwú ní Ìkìjà, wọ́n sì ṣe wòlímọ̀ ní ọdún 1930. Ìwé mẹ́ta péré ni wọ́n kà nílé ẹ̀kọ́ ìjọba kí òwò aṣọ tó dẹnu kọlẹ̀, tí owó ilé ìwé kò sì sí mọ́. Ní gbogbo ìgbà tí ilé kéwú bá ti gba ìsinmi ni wọ́n máa ń wà lọ́dọ̀ bàbá ìyá wọn lábúlé, tí wọ́n ń fín ewìrì, tí wọ́n sì ń wo bí irin ṣe ń yí àwọ̀ padà nínú iná, láti pupa dé ìyeyè. Fárọ̀mbí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ohun tó máa ń sọ ni pé, "Irin kì í gbọ́ igbe. Wò ó dáadáa, òun fúnra rẹ̀ á sọ ìgbà tó fẹ́ kí o lu òun."

Ní ọdún 1932, wọ́n mú Bàbá lọ kọ́ṣẹ́ wúrà lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Ìtòkú. Ẹ̀yin àgbà tó wà láàárín wa mọ̀ pé ní ayé ìgbà náà, ṣílè ni fàdákà wa. Ìyàwó tó bá ń lọ sílé ọkọ, ìyá rẹ̀ á di ṣílè sínú aṣọ, á gbé e lọ fún alágbẹ̀dẹ pé kó yọ́ ọ di ẹ̀gbà àti yẹtí. Bàbá kọ́ bí a ṣe ń ju ṣílè sórí òkúta kí a gbọ́ ohùn rẹ̀. Ṣílè funfun àtijọ́ á dún kọrọrọ, nítorí fàdákà ni. Ṣílè pupa tó dé lẹ́yìn rẹ̀ á dún kọ̀, nítorí ide ni, kò sì sí alágbẹ̀dẹ tó fẹ́ kí wọ́n gbé e wá. Bàbá gba òmìnira ní ọdún 1938, ọ̀gá wọn sì gbé òòlù kékeré kan àti ẹ̀mú kan fún wọn lójú gbogbo ẹgbẹ́.

Ní ọdún 1944, wọ́n gbé Àsíátù níyàwó, ọmọ àgbẹ̀ onírẹsì láti Ọ̀fàdà. Ìyàwó kò bá ọlá nílẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù oníyàrá kan ni, ewìrì kan, àti àpótí kan tí wọ́n ń fi ṣe ìjókòó ní ọ̀sán, tí wọ́n ń kó wúrà àwọn oníbàárà sí ní alẹ́. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìrẹsì ìlú wọn ní Lafẹ́nwá, òwò náà sì ràn. Láàárín ọdún mẹ́wàá, kò sí agboolé ńlá kan ní Ìkìjà, Ìporo tàbí Kémta tí iṣẹ́ ọwọ́ Bàbá kò sí lára ìyàwó wọn. Wọn kì í da bàbà lu wúrà, wọn kì í sì í dá ọjọ́ fún oníbàárà kí wọ́n yẹ̀ ẹ́.

Ibi tí ìtàn yìí ti yà kúrò ní ti àwọn alágbẹ̀dẹ yòókù ni ọdún 1973, nígbà tí ìjọba fi náírà àti kọ́bọ̀ rọ́pò pọ́n-ùn àti ṣílè. Àwọn èèyàn tú àjà, wọ́n wú ìkòkò ilẹ̀, wọ́n sì ń kó owó àtijọ́ bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn alágbẹ̀dẹ kó tó di òkúta lásán. Ìyá arúgbó kan láti Ìtòkò gbé ìkòkò kan wá sí ṣọ́ọ̀bù.

"Àkànbí, yọ́ gbogbo rẹ̀ fún mi. Ẹ̀gbà ọwọ́ ni mo fẹ́ fún ọmọ ọmọ mi tó ń lọ sílé ọkọ."

Bàbá da owó náà sórí ẹní. Iná ti ń jó, ìkòkò ìyọ́dà ti gbóná. Ni wọ́n bá mú ṣílè kan lọ sí ẹnu ọ̀nà níbi tí oòrùn wà, wọ́n sì wò ó pẹ́. Igi ọ̀pẹ ló wà lẹ́yìn rẹ̀, tí màrìwò rẹ̀ pé, tí èso rẹ̀ sì so rọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń yọ́ ṣílè, ó ti lé ní ogójì ọdún, ìwọ̀n rẹ̀ nìkan ni wọ́n máa ń wò. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ rí i pé ọwọ́ èèyàn kan ló fín in.

"Ta ló fín eléyìí?" ni Bàbá wí, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Bóyá kò tiẹ̀ fojú kan ọ̀pẹ rí láyé rẹ̀. Ẹ wò ó, ó ṣe é títí ó fi rí bí ọ̀pẹ."

Wọ́n bẹ ìyá náà pé kó jẹ́ kí àwọn fi fàdákà tiwọn rọ ẹ̀gbà fún un, kó fi ìkòkò náà sílẹ̀.

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?" ni ìyá bi wọ́n. "Wọn ò ní ná an mọ́ o."

"Mo fẹ́ máa wò ó ni, Màmá."

Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀. Ó ní òun ti rí ẹni tó ń kó owó jọ, òun ti rí ẹni tó ń ná an, òun ò tíì rí ẹni tó ń wò ó rí. Ṣùgbọ́n ó gbà, ẹ̀gbà tí Bàbá rọ fún ọmọ ọmọ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ onítọ̀hún títí di òní. Ó wà láàárín wa níbí.

Láti ọjọ́ náà, Bàbá di ẹni tó ń ṣa owó àtijọ́ jọ bí ẹni ṣa irúgbìn. Ọ̀nínì tó nihò láàárín, tí àwọn ìyá wa ń fi okùn sín gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń sín owó ẹyọ. Tọ́rọ́ àti sísì. Owó tí wọ́n ya orí ọbabìnrin sí, tí èèyàn lè rí ìdì irun rẹ̀. Wọ́n ṣàkíyèsí lẹ́tà kékeré kan lábẹ́ ọdún lára àwọn kan, wọ́n sì ní àmì ilé tí wọ́n ti rọ ọ́ nìyẹn, bí alágbẹ̀dẹ ṣe máa ń fi àmì tirẹ̀ sára iṣẹ́. Wọ́n máa ń fi ìka ra etí owó tó ní gígé wínníwínní, wọ́n á sì ṣàlàyé fún àwọn ọmọ pé nítorí àwọn tó máa ń ha fàdákà jẹ létí owó ni wọ́n ṣe gé e bẹ́ẹ̀, kí ojú lè tètè rí ibi tí wọ́n ha. Ẹbí ìyá wọn ní ẹ̀bá Ọdẹ́dá náà kò gbẹ́yìn. Ọ̀ṣungbèmí, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá wọn, yọ owó ẹyọ kan nínú èyí tó wà lójúbọ Ọ̀ṣun, ó ní, "Ẹ fi ti ilé wa ṣe ìpìlẹ̀, Àkànbí. Owó ni èyí náà jẹ́ kí ti òyìnbó tó dé." Àwọn kan ní mọ́ṣáláṣí sọ̀rọ̀ sí i. Bàbá dá wọn lóhùn pé ohun tí bàbá àwọn fi ra aṣọ nìyẹn, àwọn kò ní sin ín, àwọn kò sì ní sọ pé kò sí rí. Wọ́n lọ sí Mẹ́kà ní ọdún 1978, wọ́n sì padà wá bá àkójọ wọn níbi tí wọ́n fi í sí.

Ní ọdún 1980, Ọ̀gbẹ́ni Herbert Bándélé, tí ìjọba fi ṣe olórí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré kan tí wọ́n ń dá sílẹ̀ nílùú wa, gbọ́ nípa àkójọ náà, ó sì wá sí Ìkìjà. Ó jókòó sórí àpótí láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó dìde, ó ní, "Bàbá, bí àwọn ọmọ bá rí owó yìí nínú gíláàsì, wọ́n á kọjá lọ. Bí wọ́n bá rí bí a ṣe ń ṣe é ńkọ́?"

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Bàbá lára. Nínú ọdún mẹ́ta tó tẹ̀lé e, wọ́n ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ wọn. Wọ́n ra ẹ̀rọ àtijọ́ kan tí àwọn oníwèé fi ń fún ìwé pọ̀, wọ́n sọ ọ́ di ẹ̀rọ ìtẹ̀, wọ́n fi irin wúwo sí orí apá rẹ̀ méjèèjì kí ó lè fi agbára yí wálẹ̀. Irin òǹtẹ̀ méjì ni wọ́n fín, ọ̀kan fún iwájú, ọ̀kan fún ẹ̀yìn. Òkè Olúmọ ni wọ́n fín sí ọ̀kan, owó ẹyọ ni wọ́n fín sí èkejì, wọ́n sì kọ orúkọ ìlú wa yí i ká. Iṣẹ́ náà gba sùúrù, torí pé òdìkejì ni gbogbo rẹ̀. Ohun tó máa yọ síta lára bàbà, inú ni wọ́n máa fín in sí lára irin, ohun tó máa wà lọ́tùn-ún, òsì ni wọ́n máa fín in sí. Irin àkọ́kọ́ là sí méjì nígbà tí wọ́n ti inú iná rì í bọ omi. Bàbá jókòó tì í, wọn kò jẹun ọ̀sán. Ìgbà tó yá ni wọ́n rántí pé bàbá ìyá wọn kì í ri ohun ẹlẹgẹ́ bọ omi, inú epo ló máa ń rì í sí. Wọ́n fín òmíràn láti ìbẹ̀rẹ̀, Màmá gbé kẹ́ẹ̀gì epo pupa kalẹ̀ fún wọn láti ilé ìdáná, irin náà sì jáde ní pípé. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gé bàbà róbótó, tí wọ́n fi iná rọ̀ ọ́, tí wọ́n tò ó sáàárín òǹtẹ̀ méjèèjì, tí wọ́n sì yí apá ẹ̀rọ náà, Títílọlá àkọ́bí wọn ló wà níbẹ̀. Ó ní Bàbá gbé bàbà náà sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n sì ń yí i síwá sẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n ọdún 1984 ni ọdún ìdánwò. Ọdún yẹn ni ìjọba ológun pààrọ̀ àwọ̀ owó bébà, tí ọ̀rọ̀ owó di ọ̀rọ̀ ìfura káàkiri. Ẹnì kan tí a kò mọ̀ títí dòní lọ sọ pé alágbẹ̀dẹ kan ń rọ owó ní Ìkìjà. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, àwọn ọlọ́pàá dé, wọ́n kó ẹ̀rọ, wọ́n kó òǹtẹ̀, wọ́n sì mú Bàbá, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin, gba àárín ìlú kọjá nínú ọkọ̀ tí kò lórùlé.

Ọ̀gá ọlọ́pàá tó gba ẹjọ́ náà kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó gbé òòlù kan sórí tábìlì.

"Bàbá, àgbà ni yín. Mi ò fẹ́ gbé yín lọ sílé ẹjọ́. Ẹ fọ́ àwọn irin yìí lójú wa, kí ẹ máa lọ sílé."

"Bí mo bá fọ́ ọ, kí ni ẹ máa kọ sílẹ̀?"

"A máa kọ ọ́ pé ẹ ti ba ohun èèlò náà jẹ́."

"Ohun èèlò kí ni?"

"Ti ayédèrú owó ni, Bàbá."

Bàbá ti òòlù náà padà sí i lórí tábìlì. "Ẹ gba òòlù yín, ọ̀gá."

Wọ́n fi Bàbá sí àtìmọ́lé. Níta, ohun tó ṣẹlẹ̀ dun ni ju àtìmọ́lé lọ. Àwọn oníbàárà tí wọ́n ti jọ wà láti ogún ọdún wá gba wúrà wọn padà lọ́wọ́ Títílọlá, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ lè wo ojú rẹ̀. Ní Lafẹ́nwá, ẹnì kan pe Màmá ní ìyàwó olówó èké lójú gbogbo ọjà. Nígbà tí Màmá gbé oúnjẹ lọ fún Bàbá, wọ́n bá Bàbá tí ojú wọn ti jìn. Bàbá ní, "Àsíátù, mo ti ń rò ó. Bóyá kí n fọ́ irin náà. Irin ni. Mi ò fẹ́ kí orúkọ ilé yìí bàjẹ́ nítorí irin."

Màmá, tí kì í gbé ohùn sókè sí ọkọ wọn, gbé abọ́ kalẹ̀. "Bàbá Títílọlá, ẹ dákun, ẹ jẹun. Bí ẹ bá fọ́ ọ, orúkọ tí wọ́n pè mí lọ́jà á di orúkọ mi nìyẹn, àwọn ọmọ á sì jogún rẹ̀. Ṣé epo mi tí ẹ fi rì í ló máa wá di epo ẹ̀sùn? Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé yín lọ sílé ẹjọ́. Mo máa jókòó sí iwájú, níbi tí gbogbo wọn á ti rí mi."

Bàbá jẹun lọ́jọ́ náà. Wọn kò sì dá ọ̀rọ̀ fífọ́ sílẹ̀ mọ́.

Nílé ẹjọ́, Màmá jókòó sí iwájú lóòótọ́, nínú àrán dúdú tí wọ́n fi ṣe ìgbéyàwó. Àwọn tó ga ju Ọ̀gbẹ́ni Bándélé lọ lẹ́nu iṣẹ́ ti kìlọ̀ fún un pé kó sọ pé òun kò mọ̀ sí i. Ọkùnrin náà gòkè ibi ìjẹ́rìí, ó dúró ṣánṣán, ó ní, "Olúwa mi, èmi ni mo bẹ Bàbá pé kí wọ́n ṣe é. Bí ẹ̀ṣẹ̀ bá wà níbẹ̀, ẹ kọ orúkọ tèmi ṣáájú." Ẹbí Fájánà kò gbàgbé, a kò sì ní gbàgbé láéláé.

Adájọ́ ní ọ̀rọ̀ tí ojú lè rí, etí kò gbọdọ̀ dá ṣe é. Ó gbé ilé ẹjọ́ dìde, gbogbo wọn sì lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, níbi tí ilé ẹjọ́ ti ní kí àwọn ọlọ́pàá gbé ẹ̀rọ náà sí títí ẹjọ́ á fi parí. Agbẹjọ́rò ìjọba lọ, akọ̀wé lọ, ọ̀gá ọlọ́pàá lọ, ìdajì Ìkìjà náà tẹ̀lé wọn. Wọ́n ní kí Bàbá ṣe ohun tí wọ́n máa ń ṣe. Bàbá ká ọwọ́ agbádá wọn sí èjìká, wọ́n ṣe Bísímílà, wọ́n to bàbà sáàárín òǹtẹ̀, wọ́n sì yí apá ẹ̀rọ náà wálẹ̀. Ó dún gbì. Wọ́n mú bàbà náà jáde, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún adájọ́.

Adájọ́ wo òkè Olúmọ. Ó yí i padà, ó wo owó ẹyọ. Ó gbé e fún agbẹjọ́rò ìjọba. "Owó orílẹ̀-èdè wo ni èyí fara jọ?"

Agbẹjọ́rò náà wò ó dáadáa, ó sì fi òtítọ́ dáhùn. "Kò jọ ti ìkankan, Olúwa mi. Ìlú wa ló jọ."

Ibẹ̀ ni wọ́n ti da ẹjọ́ náà nù, pẹ̀lú àṣẹ pé kí wọ́n dá gbogbo ohun tí wọ́n kó padà fún Bàbá ní pípé. Ariwo tí Ìkìjà pa lọ́jọ́ náà, wọ́n gbọ́ ọ dé Sápọ́n. Ọ̀gá ọlọ́pàá fúnra rẹ̀ ló bá wọn gbé ẹ̀rọ náà padà sí àyè rẹ̀. Àwọn oníbàárà tún ń bọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, Bàbá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn, wọn kò bi ẹnikẹ́ni pé kí ló lé e lọ.

Ní ọdún 1985 ni wọ́n ṣí yàrá owó ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà. Bàbá fi gbogbo àkójọ wọn tọrẹ láìgba kọ́bọ̀, láti owó ẹyọ Ọ̀ṣungbèmí dé kọ́bọ̀ tuntun, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìtẹ̀ náà. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń lọ síbẹ̀. Ọkọ̀ á kó àwọn ọmọ ilé ìwé dé láti Ọdẹ́dá, Ọ̀fàdà àti Wásinmi, ọmọ kọ̀ọ̀kan á di apá ẹ̀rọ mú, Bàbá á fi ọwọ́ tiwọn lé ọwọ́ ọmọ náà, wọ́n á jọ yí i, ọmọ á sì mú òkè Olúmọ lọ sílé nínú àpò. Ọ̀pọ̀ nínú yín tí ẹ wà níbí ni àwọn ọmọ yín ní tiwọn nílé.

Nínú ìsìn, ọmọ mọ́ṣáláṣí Ìkìjà ni Bàbá, wọ́n sì ti ṣe akápò ẹgbẹ́ rí. Wọ́n kọ́ àwọn mẹ́tàdínlógún níṣẹ́ wúrà, wọn kò gba owó lọ́wọ́ ọmọ òrukàn kankan nínú wọn. Nígbà tí ẹgbẹ́ alágbẹ̀dẹ wúrà ilẹ̀ Ẹ̀gbá sọ pé obìnrin kò lè jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, Bàbá mú yẹtí tí Títílọlá ṣe lọ sí ìpàdé, wọ́n gbé e sáàárín àwọn àgbà, wọ́n ní kí wọ́n sọ ẹni tó ṣe é. Lẹ́yìn ìpàdé náà, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ẹgbẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àlàmísì, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 1989, Bàbá kírun àárọ̀, wọ́n mu ẹ̀kọ, wọ́n sì ní kí Màmá bá wọn mú fìlà nítorí pé àwọn ọmọ ilé ìwé kan ń bọ̀ láti Wásinmi. Kí Màmá tó mú fìlà dé, wọ́n ti jókòó sórí àga wọn, wọ́n ti lọ. Ìrora kankan kò sí lójú wọn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà ni a sin wọ́n sí Ìkìjà, àwọn ọmọ ilé ìwé Wásinmi náà sì dúró pẹ̀lú àwọn olùkọ́ wọn títí a fi bo ilẹ̀.

Àwọn tí Bàbá fi sáyé lọ ni ìyàwó wọn, Alhaja Àsíátù Fájánà. Àbúrò wọn obìnrin, Sàfúrátù. Àwọn ọmọ wọn, Títílọlá, tó wà lórí àga Bàbá ní ṣọ́ọ̀bù báyìí, Mọ́nsúrù, olùkọ́ ní Ọdẹ́dá, Bùsírátù, tó ń ta ìrẹsì pẹ̀lú Màmá, àti Fọlákẹ́mi, nọ́ọ̀sì ní Ìbàdàn. Àwọn ọmọ ọmọ, àwọn ọmọ ọmọ ọmọ, àti gbogbo àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, tí àwọn náà ń jẹ́ ọmọ.

Mọ́ṣúdù Àkànbí, ọmọ Sàlàhúdíìnì, ọmọ Ọ̀ṣunrẹ̀mí, ọmọ Ẹ̀gbá tó gbé orí sókè. Wọ́n ní kí ẹ fi òòlù ba orúkọ yín jẹ́, ẹ kọ̀. Wọ́n gbé yín gba àárín ìlú kọjá bí ọ̀daràn, àárín ìlú yẹn kan náà la gbé yín gbà lọ sí ilé ìkẹyìn, gbogbo ṣọ́ọ̀bù Ìtòkú sì pa ilẹ̀kùn dé fún yín. Kí Ọlọ́run Allah dárí jì yín, kó tẹ́ ibùjókòó Alùjánńà fún yín, kó dáàbò bo ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa dárò, kó mú olúkúlùkù dé ilé láyọ̀. Bàbá rere, ẹ ti ṣe é, ó sì dára. Ẹ sùn ní ìrọ̀rùn. Ẹ sùn re o.